Mo Ní A Ti Wà Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín. Ẹ má bínú pé mi ò kọ orúkọ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ geere ní ọ̀fun mi mọ́. Ọkọ mi mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyá mi ò mọ nǹkan kan. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ níbí kí n tó lọ sọ ọ́ níbi tó yẹ, torí obìnrin kan ń jìyà ohun tí èmi ṣe, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Èmi náà ti bú ara mi.

Ìkòròdú ni wọ́n bí mi sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Ọ̀ṣun ni bàbá àti ìyá mi, ayálégbé sì ni wá títí di òní. Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo yege, ṣùgbọ́n kò sí agbára láti tẹ̀ síwájú. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń wá àwọn tí wọ́n máa kọ́ ní iṣẹ́ áńbúláǹsì fún àwọn abúlé apá Ẹ̀pẹ́, mo lọ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bí a ṣe ń gbé ẹni tó já bọ́ láti orí igi láìyí ọrùn rẹ̀, bí a ṣe ń gbẹ̀bí nínú ọkọ̀ tó ń sáré. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí nìkan, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ di ojú ọgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì dá lábẹ́ ọwọ́ mi, ẹkún ayọ̀ ni mo sun délé.

Ohun kan wà tí ọ̀gá tó kọ́ wa máa ń tẹnu mọ́ ju oògùn lọ. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe lápá ibí yìí. Ẹni tó ṣì ń wá ọṣẹ ìwẹ̀ á gbé fóònù, á ní òun ti kọjá Ìtòkin lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. A ò kà á sí irọ́. A kàn ń fi ọkàn ẹni tó ń dúró dè wá balẹ̀ ni. Ọ̀gá náà á wò wá yíká, á ní, “Gbogbo yín lẹ máa ń dé Ìtòkin látorí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ máa ṣe é fún àwọn àfẹ́sọ́nà yín, ẹ má ṣe é fún aláìsàn. Tí ẹ bá jìnnà, ẹ sọ pé ẹ jìnnà. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ jìnnà á wá ọkọ̀ míì.” A rẹ́rìn-ín, torí kálukú mọ ara rẹ̀.

Wọ́n fi èmi àti awakọ̀ kan sí oríta kan lójú ọ̀nà tó ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ni mo máa ń pè é, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Òfin ni pé ọkọ̀ wa ò gbọdọ̀ kúrò ní oríta náà àfi tí wọ́n bá pè wá, torí ibẹ̀ ni a ti lè tètè yà sí ọ̀nà Ejinrin àti àwọn abúlé inú igbó.

Mo wá bímọ. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọmọ ṣì ń mu ọmú. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ló máa ń wà, nínú yàrá wa lápá Ìkòròdú, òdìkejì pátápátá sí ibi tí wọ́n sábà máa ń pè wá sí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Tó bá ti di ọ̀sán, ọmú mi á kún, á le, wàrà á gba inú aṣọ iṣẹ́ jáde. Mo bẹ Bọ̀ọ̀dá pé ká sáré yà sílé kí n fún ọmọ lọ́mú. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó kọ̀. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó gbà.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ìyá mi á ti gbọ́ ìró ọkọ̀, á gbé ọmọ jáde síta. Àwọn ará ilé wa á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Áńbúláǹsì ọlọ́mú ti dé o, aláìsàn ti ń ké.” A máa rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì rò pé kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, orí bẹ́ńṣì ìyá mi ni mo jókòó sí. Mo ti bọ́ bàtà. Ọmọ wà lẹ́nu ọmú. Fóònù iṣẹ́ dún, wọ́n so obìnrin kan pọ̀ mọ́ mi láti ọ́fíìsì. Kò pariwo. Ó ní ọkọ òun ń fi ẹ̀rọ ìgégi la igi, ẹ̀rọ náà sì ta, ó bà á ní itan, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ó dárúkọ abúlé wọn, nínú igbó lẹ́yìn Ejinrin. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ wà báyìí?”

Mo wo ojú ọmọ mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọmú dáadáa ni. Ẹnu mi kàn ṣí, mo ní, “A ti wà lójú ọ̀nà, mà. A ti ń yà sí ọ̀nà Ejinrin.”

Mo sọ fún un pé kí ó fi aṣọ di òkè ojú ọgbẹ́ náà, kó fún un dáadáa. Ìyẹn, mo sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ó wá ní ọkọ̀ kan tó wá kó pákó wà níwájú àwọn, awakọ̀ rẹ̀ ní òun lè gbé bàbá náà dé ọsibítù. Ó béèrè pé, “Ṣé ká gbé e sí i, àbí ká dúró dè yín?”

Tí mo bá ní kí wọ́n gbé e, wọ́n máa bá wa pàdé lọ́nà, wọ́n á rí i pé ọ̀nà Ìkòròdú la ti ń bọ̀. Wọ́n á sọ ọ́. Ọ̀gá á gbọ́, iṣẹ́ á lọ. Mo ní, “Ẹ dúró, mà. A ti dé tán.”

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ míì bò ó.

Mo já ọmọ lẹ́nu ọmú, ó ń ké, mo sá wọ ọkọ̀. Bọ̀ọ̀dá tan síréènì. Ó bi mí pé kí ni mo sọ fún wọn. Mo ní mo sọ pé a ti ń bọ̀. Nígbà tí a ti fẹ́ dé abúlé náà, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kún fún pákó ń bọ̀ níwájú wa. Ó yà sínú koríko kó lè fún wa láyè, awakọ̀ rẹ̀ sì na ọwọ́ sí wa pé ká máa lọ. Kò sẹ́nì kankan ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọkọ̀ tó fẹ́ gbé bàbá náà nìyẹn.

Bàbá náà ṣì lajú nígbà tí a dé. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ itan ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìró tó bọ́ lára ara rẹ̀ ló fi di ọgbẹ́ náà. Ó gbójú sókè, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá.” A gbé ọkọ rẹ̀ sínú ọkọ̀. Mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi. Kò dé ọsibítù ní Ẹ̀pẹ́. Abẹ́ ọwọ́ mi ló ti kú.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ, bóyá ǹ bá máa sọ pé àyànmọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ṣì ku èyí tó burú jù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá wa ní ká lọ kí àwọn ẹbí. Ẹ̀gbọ́n olóògbé, Àlàájì kan, ló gbà wá lálejò. Ó bọ̀wọ̀ fún wa, ó fún wa ní omi. Ó wá ní ọ̀rọ̀ kan ń rú òun lójú. Awakọ̀ tó kó pákó ti ń sọ káàkiri pé òun bẹ̀bẹ̀ láti gbé olóògbé, ìyàwó ló kọ̀. Ìyàwó sì ní àwọn áńbúláǹsì ló ní káwọn dúró, pé àwọn ti dé tán. Àlàájì ní kí èmi tí mo gba fóònù sọ bó ṣe jẹ́.

Gbogbo ilé yíjú sí mi. Ọ̀gá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bọ̀ọ̀dá ń wo ilẹ̀. Mo ní, “Rárá o, sà. Mo ní kí wọ́n máa gbé wọn bọ̀, ká pàdé lọ́nà.”

Ìyàwó olóògbé, tó jókòó láàárín wọn, ò bínú. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé bẹ́ẹ̀ lo wí?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Obìnrin kan nínú àwọn ìyàwó ilé pòṣé lẹ́yìn wa, ó ní ẹni tó ń wá ogún kì í wá ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìpẹ́ sígbà yẹn. Mo sọ fún àwọn èèyàn pé nítorí ọmọ ni. Mo wá ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì ní Èbúté Ìkòròdú, níbi tí àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi ti máa ń jẹun. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ lẹ́nu èrò Ejinrin pé lẹ́yìn tí obìnrin náà ṣe opó tán, wọ́n lé e kúrò nílé ọkọ. Wọ́n gba àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Èyí àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni. Wọ́n ní obìnrin tó ń wo ọkọ rẹ̀ títí tó fi kú ò lè tọ́ ọmọ àwọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbọ́ ọ, mo sì ń bu ẹ̀wà lọ.

Láìpẹ́ yìí, òun fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, ó gbé ẹja yíyan wá tà. Ó ti rù. Mo kọ́kọ́ fẹ́ sá pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò, ṣùgbọ́n ó ti rí mi. Ó wá jókòó sórí bẹ́ńṣì mi. Ọmọ mi wà níbẹ̀, ó ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀. Obìnrin náà fọwọ́ pa á lórí, ó ní Ọlọ́run á wò ó fún mi. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

Ó ní, “Má bínú, ọmọ mi. Ṣé ó dá ọ lójú pé o ò sọ pé ká dúró? Mo gbọ́ ọ létí mi. Àmọ́ gbogbo èèyàn ló ní irọ́ ni mò ń pa, èmi náà wá ń rò ó pé bóyá ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi gbọ́ ohun tí ẹnì kan ò sọ. Tó bá jẹ́ èmi ni mo pa á, sọ fún mi, kí n yéé bá wọn jà lórí àwọn ọmọ.”

Mo ní kó jẹ́ kí n bu omi fún un. Mo dìde lọ bu omi náà, mo pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo padà, ó ṣì ń wojú mi. Ọmọ mi ti gun ẹsẹ̀ mi, ó di aṣọ mi mú. Mo ní, “Ó ti pẹ́, mà. Mi ò rántí dáadáa mọ́.”

Ó mi orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé agbọ̀n rẹ̀.

Mo ti gbọ́ pé àwọn ẹbí máa pàdé lẹ́yìn ọjà Ejinrin tó ń bọ̀, kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa gbà fún wọn nítorí ohun tí mo sọ lórí bẹ́ńṣì yẹn.

Ọkọ mi ní ẹni tó kú ti kú. Ó ní tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè ti èmi àti Bọ̀ọ̀dá mọ́lé, ta ló máa wá tọ́jú ọmọ wa? Bọ̀ọ̀dá náà bẹ̀ mí lórí fóònù, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ó sì lọ́mọ. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi kì í ṣe bóyá kí n sọ̀rọ̀. Mo máa sọ ọ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá kọ́kọ́ lọ bá Àlàájì, obìnrin náà á gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, òun ni mo sì ṣẹ̀ jù. Tí mo bá kọ́kọ́ sọ fún òun, tí a jọ lọ, wọ́n lè ní ó ra ẹnu mi ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti parí ìjà nínú ẹbí rí, ẹ̀yin ààfáà àti agbẹjọ́rò tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjà náà tó pé. Ẹ má gàn mí débi tí màá fi sá.

Tí ẹnì kan lára yín bá sì mọ obìnrin tó ń gbé ẹja yíyan láti Ejinrin wá sí Èbúté, tí ọkọ rẹ̀ kú nídìí ẹ̀rọ ìgégi, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí i ṣáájú mi, ẹ sọ fún un pé etí rẹ̀ gbọ́ dáadáa. Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró.