Sípíkà Ìyá Ọkọ Mi Tó Wà Lára Kọ̀ǹpútà Mi

Kí ni a ti mọ̀ nípa etí àgbà? Ẹ jẹ́ ká jọ dáhùn rẹ̀, nítorí tíṣà ni mí, mi ò lè sọ̀rọ̀ kí n má bi ènìyàn ní ìbéèrè. A mọ̀ pé etí àgbà a máa wúwo. A mọ̀ pé bó bá wúwo, ẹ̀rù a máa ba àgbà náà. Ohun tí a kò mọ̀, tí ọkọ mi wá kọ́ mi, ni pé ènìyàn lè sọ màmá ara rẹ̀ di adití láìfọwọ́ kan etí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi pátápátá.

Àgùdà l'Ékòó ni à ń gbé, èmi, ọkọ mi, Ìyá tó bí i àti Ridwan ọmọ wa. Orí kọ̀ǹpútà alágbèéká ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ní Yorùbá. Nígbà tí ohùn kọ̀ǹpútà náà kú, mo ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe ní Yaba. Ọkọ mi kọ̀. Télọ̀ ni o, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí wọ́n bá fi nọ́ọ̀tì dè, títú ni lójú rẹ̀. Ó ní sípíkà lásán ni, òun yóò wá a. Ó sì wá a lóòótọ́, ní yàrá Ìyá! Ìyá ti lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́, rédíò rẹ̀ sì wà lórí tábìlì lábẹ́ aṣọ funfun tó máa ń dà bò ó. Sípíkà méjì ló ní. Ọkọ mi yọ ọ̀kan, ó ní èyí tó kù tó Ìyá í gbọ́. Ó dá ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà mi lu bí etí ọmọbìnrin, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ra, ó sì so sípíkà rọ̀ síbẹ̀ bíi gẹ̀gẹ̀.

Ohùn jáde, ohùn gidi! Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti wọra, ojú ẹ̀rọ á ṣú, á sùn lọ fọnfọn. Mo bú bátìrì, mo bú iná ìjọba. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Òòfà kékeré kan wà nínú ìdérí kọ̀ǹpútà. Bó bá ti sún mọ́ ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ á gbà pé wọ́n ti pa òun dé. Òòfà ló sì wà lẹ́yìn sípíkà náà, òun ló ń tan ẹ̀rọ jẹ. Mo fi rọ́bà fà á jìnnà, wàhálà sì tán. Mo rò pé ó tán.

Ìyá dé. Ní àsùbáà, ó tan rédíò láti gbọ́ wáàsí rẹ̀, ohùn sì jáde tínínrín bíi ti ẹ̀fọn. Kò fura sí rédíò rárá. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló rà á fún un. Etí ara rẹ̀ ló fura sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rédíò lé èjìká bí ọmọ tuntun. Bí a bá sọ̀rọ̀ tó gbọ́, á ní a ń pariwo fún òun ni. Ó rán ọkọ mi lọ ra àdí, ó ń ro ó sétí. Kò lọ sí àdúrà àsàlátù mọ́, ó ní òun kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ òun máa ké mọ́ òun bí ẹni ń lé ewúrẹ́.

Mo bẹ ọkọ mi pé kó jẹ́wọ́. Ṣé ẹ mọ èsì tó fún mi? "Ìyá Ridwan, fara balẹ̀. Bí kò wúwo lónìí, ṣebí á wúwo lọ́la." Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Ìyá, mo sì tan wáàsí àáfà tó fẹ́ràn. Ìyá gbórí sókè, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan gẹ̀gẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mi.

"Ìyàwó mi, ohùn rédíò mi rèé."

"Òun ni, mà."

Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá yíjú sí i.

"Ìwọ lo lọ bá mi ra àdí."

Ní báyìí, sípíkà ti padà sílé rẹ̀, kọ̀ǹpútà mi ti yadi, Ìyá sì ti ń lọ sí àsàlátù. Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀, ńṣe ni yóò máa wo ògiri bí ẹni tí kò gbọ́. Báwo ni kí n ṣe bá wọn parí èyí?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, bí màmá yín bá ní òun kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ẹ má tíì wá àdí. Ẹ kọ́kọ́ tú ẹ̀yìn rédíò rẹ̀, kí ẹ ka sípíkà inú rẹ̀.