Orúkọ Tí A Gbàdúrà Pé Kí Ẹnikẹ́ni Má Pè

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹsẹ̀ tí sobìà ti fi ṣe ilé rí ni mo fi dúró níwájú yín yìí. Ọlọ́run tó mú un dúró ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọrin. Ọ̀rọ̀ náà korò, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ Mobọ́láńlé ọmọ mi, dókítà. Nígbà tó rí àyè wọ yunifásítì, inú ìjọ yìí la ti gbàdúrà fún un. Ìyá Àdúrà ló ṣáájú. Ó ní níbikíbi tí ọmọ yìí bá dé, nílé, lóko, lókè òkun, ẹnu àjèjì kankan kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ kúkú mọ ayé. Wọ́n á kóra jọ síbi tí o ò sí, wọ́n á pe orúkọ rẹ, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Àmín tí a ṣe lọ́jọ́ náà, òkúta kan já bọ́ lórí òkè, ó yí títí ó fi dé ìlú Aládé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo ìkórè la sì ń tún àdúrà yẹn gbà.

Ọmọ di dókítà, ó bọ́ sídìí risáàṣì, ìwádìí àìsàn, ní yunifásítì. Sobìà ló mú. Ó wá sí Aládé, ó ń yẹ ẹsẹ̀ àwọn àgbẹ̀ wò. Tèmi náà wà níbẹ̀. Aràn tó fà jáde lára mi gùn ju okùn ewúrẹ́ lọ, a sì fi so ewúrẹ́ lóòótọ́. Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní jọ́náàlì pé bí a bá ń fi aṣọ sẹ́ omi adágún bí ẹni ń sẹ́ ògì kí a tó mu ún, sobìà á dín kù. Ó kọ òmíràn, ó tún kọ òmíràn.

Àfi lọ́jọ́ kan tó sọ̀ kalẹ̀ nínú Píjò láti Àkúrẹ́. Ó ti rù. Ìyá rẹ̀ gbé iyán síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Mo ní, "Mobọ́láńlé, ta ló kú?"

"Bàbá, èmi ni."

Ó ní níbi iṣẹ́ àwọn, kéèyàn kọ̀wé nìkan kò tó. Àwọn dókítà mìíràn gbọ́dọ̀ lo ohun tó kọ, kí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé tiwọn. Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá fi parí láìsí ẹni tó dárúkọ òun, wọ́n á fi ẹlòmíràn sí ipò òun.

Mo ní, "Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Kòkó mi ń lọ òkè òkun lọ́dọọdún, òyìnbó kankan ò bèèrè orúkọ mi rí, mo ṣì ń jẹyán."

"Bàbá, kòkó lẹ̀ ń tà. Orúkọ lèmi ń tà. Ẹnì kankan ò pè mí, Bàbá! Àfi bí ẹni tó lọ ń sọ̀rọ̀ nínú kànga."

Ife bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó wojú mi, mo wojú rẹ̀.

"Bàbá Mobọ́láńlé," ó ní, "àdúrà yín mà ti gbà o."

Ye! Mi ò wọ bàtà tí mo fi sáré dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àdúrà pé kó bá wa kó ọ̀rọ̀ yẹn padà.

"Àdúrà tí Ọlọ́run ti tẹ́wọ́ gbà? Kí n wá lọ sọ fún Un pé a ṣì í sọ? Bàbá yìí, ẹ̀yin kọ́ lẹ bẹ̀ mí?"

"Ìyá, ọmọ mi ń kú lọ."

Ó mú agogo. Gbogbo wa la kúnlẹ̀ nínú yanrìn yìí, à ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹnu là. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.

Ọlọ́run ò dáhùn. Ọmọ mi á jókòó sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé láti àárọ̀, á máa wo kòkó tí a sá. Ó kó ìwé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ pé kó fi dáná; ìyá rẹ̀ kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbààwẹ̀ títí ikùn mi fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, bí mo bá gbé omi mì, ará Òfósù lọ́hùn-ún á gbọ́ ọ. Pàbó. Ọdún ẹ̀kọ́ parí, wọ́n fún ẹlòmíràn ní ipò náà. Mi ò ní parọ́ níwájú pẹpẹ: kò tíì rí i gbà padà títí dòní. Ó wá gba iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Òfósù. Ó ń wo aláìsàn, kì í rẹ́rìn-ín. Bí mọ́tò bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa báyìí, àyà mi á já. Màá rò pé òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mọ́tò dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, ó há jọ́náàlì kan mọ́ abíyá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ àtijọ́ ló rí i.

"Bàbá, ẹ mú ìka yín wá."

Ó fi ìka mi sẹ́yìn ìwé náà, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí èèrà. Ìwé Sìtándáàdì Tírì tí mo kà kò kú! Mo ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ ọmọ mi ló jáde. Dókítà kan ní Íńdíà ló kọ ọ́. Ó ní abúlé kan lọ́dọ̀ àwọn ti ń fi aṣọ sẹ́ omi, nítorí ohun tí Mobọ́láńlé rí lẹ́sẹ̀ àwọn ará Aládé.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló pè ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, Bàbá."

"Ádámù tó bí gbogbo ayé náà, ṣé méjì ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ebi ń pa òun. Ìyá rẹ̀ ò tíì gún iyán tán tó ti ń bu ú nínú odó.

Ipò ò padà, ará. Ṣùgbọ́n ọmọ mi wà láàyè, ó jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ó ń dojú bolẹ̀. Ògo ni fún Ẹni tó ṣí ẹnu kan ní Íńdíà. Ìyá Àdúrà, ẹ lu agogo. Gbogbo ẹnu tó ṣe Àmín ọjọ́sí, ẹ bá mi là á gbàgà, ẹ bá mi yọ̀, ẹ pè é kí òkè gbọ́: Mobọ́láńlé!