Igbó Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti Orúkọ Bayoumi

Alága wa, Madam Nagwan, tí ẹ fi ìjókòó yín buyì fún wa. Ẹ̀yin àgbà òṣèré tó wà níwájú. Ẹ̀yin agbátẹrù fíìmù. Ẹ̀yin tó ń gbé kámẹ́rà, ẹ̀yin tó ń tan iná, ẹ̀yin tó ń po tíì fún wa. Ẹ̀yin àlejò tó ti Alẹkisáńdíríà wá sí Káírò nítorí arúgbó kan: mo kí yín o. Ẹ̀yin èèyàn mi, ogójì ọdún ni èmi Zenhom fi pariwo lẹ́yìn kámẹ́rà. Ohùn mi ti há. Mo ń lọ sílé, kí ìyàwó mi náà lè ráyè pariwo mọ́ mi.

Fíìmù mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo darí. Láti àárọ̀ lẹ ti ń yin ọgbọ̀n, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹyọ kan tó kù. Ẹ ṣeun, ẹ mọ̀wà hù. Èmi á dárúkọ rẹ̀: Òǹtẹ̀ Ìjọba Nínú Igbó. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín! Ẹ ò rẹ́rìn-ín tó báyìí nígbà tí ẹ sanwó wò ó.

Bayoumi tó jókòó sí ìdí fèrèsé yẹn ló ṣe akọ̀wé ìjọba tó gbé tábìlì wọ igbó kìjikìji, tó ní kí kìnnìún mú ìwé ìbí àti àwòrán mẹ́fà wá kó tó lè bú ramúramù. Ẹni tó bá ti tò sí ọ́fíìsì ìjọba wa rí, ó mọ ẹni tí à ń bú. Lórí ìwé, àwàdà gidi ni. Ṣùgbọ́n àpò wa gbẹ, níbo la sì ti fẹ́ rí igbó ní Íjíbítì? Mo lọ bẹ Hájì Metwalli fún oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Kanátìr, lẹ́yìn Káírò níbí. Kìnnìún tá a yá ti darúgbó, oorun ló ń sùn ṣáá. Bayoumi ń sá fún kìnnìún tó ń hanrun! Ó sì sá a dáadáa.

A ṣe é dé ìdajì, ààwẹ̀ dé. Mo ní ká dá iṣẹ́ dúró di ẹ̀yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Hájì Metwalli fà mí lápá: "Ọ̀gá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ti gbó o." Mo ní, "Hájì, ewé là ń wá ní tiwa. Ẹ máa jẹ èso yín." Ọmọ ìgboro ni mí! Kí ni mo mọ̀ pé bí wọ́n bá bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á gé igi rẹ̀ lulẹ̀? Abèèrè kì í ṣìnà; èmi ò béèrè. Nígbà tá a padà dé, kùkùté la bá, àti ewúrẹ́ méjì. A so ewé gbígbẹ mọ́ okùn, mo ní kí Bayoumi máa sáré yí i ká. Bọ́ọ̀sì tó kọjá lẹ́yìn kìnnìún, ẹ rí i àbí ẹ ò rí i?

Ọjọ́ Iléyá la gbé e jáde. Sinimá kún fọ́fọ́, ìró ẹ̀gúsí yíyan tí wọ́n ń pa lẹ́nu nìkan là ń gbọ́. Obìnrin kan wá kígbe pé, "Igbó yẹn dà? Ṣé ó lọ kí àwọn ẹbí ẹ̀ kú ọdún ni?"

Agbátẹrù wa béèrè ẹni tó ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní Bayoumi ni. Mo ní ó pẹ́ dé lẹ́yìn ọdún, pé ibi tá a ti ń dúró dè é ni wọ́n ti gé igbó. Irọ́ ni! Ojoojúmọ́ ni Bayoumi ń dé kí alátíì tó dáná. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní apẹ́lẹ́yìn, kò sì rí ipò olú òṣèré mọ́. Ọdún méjìlélógún! Ohùn rẹ̀ nìkan lẹ ń gbọ́ nínú ìpolówó ọṣẹ. Ojú ń tì mí.

Madam Nagwan, ẹ̀ ń wá ẹni tó máa ṣe bàbá nínú fíìmù yín tuntun. Wọ́n dárúkọ Bayoumi, ẹ ní, "Rárá, ó máa ń pẹ́." Ẹnu mi lọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irọ́ mi dá a lẹ́jọ́. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.

Bayoumi, mo jẹ̀bi. Foríjì mí. Kí lo wí? Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ n gbọ́. Ó ní òun ti mọ̀! Ó ní Hájì Metwalli ti sọ fún òun lọ́jọ́ tá a padà dé oko pé wọ́n kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. O mọ̀, o sì ń gbé bisikíìtì ọdún wá sílé mi lọ́dọọdún? Ó ní, "Ọ̀gá, mo ń dúró dè yín ni. Ta ló wá pẹ́ nínú àwa méjèèjì?"

Èmi ni. Èmi ni mo pẹ́, àbúrò mi.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí orúkọ yín bàjẹ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́. Kó fún yín ní iṣẹ́ tó lérè àti ara tó le láti ṣe é. Madam Nagwan ti ń mi orí bẹ́ẹ̀ ni sí Bayoumi, mo rí i. Ẹ jẹ́ n tètè sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó yí ọkàn padà. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni.