Àpótí Tí Ọnárébù Jókòó Lé

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí orúnkún mi ò tíì máa bá mi jà, kò sẹ́ni tó ń dúró sọ̀rọ̀ ìlú ní abúlé wa. Kò sí. Bó ti wù kó o ga tó, wàá jókòó.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Ráfíátù, gbé fóònù yẹn sílẹ̀… Àbí ó ń gba ohùn mi sílẹ̀ ni? Ó dáa, kó máa gbà á. Ẹ ní kí ló dé tí mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ fi àpótí ìjókòó yìí dáná. Ó ti là níbí, òórùn ẹja wà lára ẹ̀, mo mọ̀. Bàbá àgbà yín ló gbẹ́ ẹ. Ọkọ̀ apẹja kan ló fọ́, wọ́n mú nínú igi ẹ̀, wọ́n ní kí n rí nǹkan jókòó lé nídìí ààrò. Wọ́n kú, àpótí ò kú. Orí ẹ̀ ni mo wà tí mo fi yan ẹja tí mo fi tọ́ bàbá yín àtàwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Lásìkò ìyẹn, Ajah ò rí báyìí. Ibi tí ẹ ń pè ní ẹ́sítéètì yẹn, oko àgbọn ni. Géètì dà? Ògiri dà? Tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, àwa obìnrin á gba àárín àgbọn lọ sétí ọ̀sà, a ó lọ pàdé àwọn apẹja. Ẹja á ṣì máa jà nínú báàfù tá a fi máa gbé e délé. Ààrò ti ń dúró dè é.

Kánsẹ́lọ̀ kan wá nígbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá. Ó dúró láàárín agbo, ó na ọwọ́, ó fẹ́ máa sọ̀rọ̀. Baálẹ̀ wa, Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Wọ́n ní, "Jókòó."

Ó ní, "Bàbá, mi ò ní pẹ́."

Wọ́n ní, "Ohun tí mo rí gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá dúró sọ̀rọ̀ ìlú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ṣáájú ẹ̀ lọ sílé. Jókòó."

Ó jókòó. Wọ́n fún un ní ẹ̀kọ àti ẹja. Ọkùnrin sọ tiwọn, obìnrin sọ tiwọn. Kó tó dìde, ó ti mọ orúkọ ìyá ọkọ mi, ìyá ọkọ mi sì ti bú u lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa rẹ́rìn-ín… Ta ló lè bú wọn lónìí? Gíláàsì ọkọ̀ wọn dúdú, o ò tiẹ̀ mọ ibi tí ojú wà.

Ayé wá yí. Wọ́n la títì, wọ́n ń kọ́lé. Kí n má purọ́ fún yín, ẹnikẹ́ni ò fipá gba ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́ wa. Àwa la tà á. Àwọn ọkùnrin ilé wa tà á, wọ́n fi ra ọ̀kadà. Ọ̀kadà bàjẹ́, ilẹ̀ ò padà. Àwọn tó rà á mọ ògiri yí i ká, wọ́n sì fi géètì dí ọ̀nà ọ̀sà. Ọ̀nà ọ̀sà o! Ìyẹn làwa ò tà, òun náà bá a lọ.

Mo gbé báàfù débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ̀ṣọ́ ní, "Màmá, ta lẹ fẹ́ rí?"

Mo ní, "Ẹja."

Ó ní, "Ẹja wo? Nọ́ńbà ilé wo?"

Mo ní ọ̀sà ni mò ń lọ. Ó ní kò sí ọ̀sà nínú ẹ́sítéètì. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì ń ṣí fìlà lórí ẹ̀!

La bá ń yí gba títì. A ó wọ kẹ̀kẹ́, a ó tún wọ òmíràn. Kí ẹja tó dé ààrò, ojú ẹ̀ ti funfun, ara ẹ̀ ti rọ̀. Ta ló máa rà á? Àwọn obìnrin ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó Kàsúmù lọ ń gbálẹ̀ nínú ẹ́sítéètì yẹn kan náà. Opó ni èmi, ọmọ wà nílé ìwé. Tí ọ̀nà yẹn bá kú, ilé wa kú náà nìyẹn.

Ọnárébù tó ń ṣojú wa nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ nígbà yẹn, kì í ṣe pé kì í ṣiṣẹ́ o. Ó kun ilé ìwé, ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tí ọdún bá dé ó ń pín ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ó ń dúró. Á bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, á gba máíkì, wọ́n á ya fọ́tò, ó ti lọ.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ta kánópì sí pápá ilé ìwé, wọ́n ní Ọnárébù fẹ́ ran àwọn opó lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ló ni àga, mo ti gbé àpótí mi dání. Wọ́n pe orúkọ mi. Ẹ̀rọ ìlọta ni wọ́n fẹ́ fún mi. Ọnárébù na ọwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí ayàwòrán.

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ ṣeun. Kí ni kí n máa lọ̀? Ẹja ni mò ń yan." Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé àpótí síwájú ẹ̀. Mo ní, "Ẹ jókòó."

Alága ẹgbẹ́ wọn pariwo, "Ìyá Múnírù! Ẹ ò rí i pé funfun ni wọ́n wọ̀? Àpótí ẹlẹ́ja!"

Mo ní, "Ọṣẹ ń bẹ lọ́jà. Ìwọ náà, ìyá ẹ ta akàn, orí irú àpótí yìí ló ti fún ọ lọ́mú."

Ọnárébù wò mí. Ó wo àpótí. Ó ká agbádá ẹ̀, ó jókòó. Ẹ gbọ́… tí èèyàn bá jókòó lórí àpótí kúkurú, orúnkún ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Kò lè máa na ọwọ́ kiri. Gbígbọ́ ló kù. Ó gbé máíkì sílẹ̀. A ro ẹjọ́ ọ̀nà fún un. Ìyàwó Kàsúmù sunkún.

Ó ní, "Màmá, màá rí sí i."

Mo ní, "A ti ń gbọ́ ìyẹn tipẹ́. Ẹ wá fojú ara yín rí i. Láàárọ̀ ọ̀la, níwájú géètì."

Ó ní, "Ẹ máa gbé àpótí wá?"

Mo ní, "Àpótí ò níṣòro. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé ara yín wá."

Mi ò rò pé á wá. Nígbà tí mo débẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni mo rí. Kò sí ayàwòrán. Bùbá lásán ló wọ̀. Ó gba àpótí lórí mi, ó gbé e síwájú géètì, ó jókòó. Ẹ̀ṣọ́ ò mọ èyí tóun máa ṣe. Alága ẹ́sítéètì jáde tòun ti aṣọ ìsùn.

"Ọnárébù! Ẹ wọlé, ẹ wá mu tíì."

Ó ní, "Mo ti jókòó, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ìyá wa fẹ́ kọjá."

Alága ní olè ló ń ba àwọn lẹ́rù. Mi ò bú u. Èmi náà ń ti ilẹ̀kùn. Mo dojú báàfù mi dé, mo ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó." Ó jókòó lé báàfù tòun ti aṣọ ìsùn!

A sọ ọ́ títí oòrùn fi yọ. Wọ́n gé ilẹ̀kùn kékeré sára ògiri, à ń gbà á kọjá láàárọ̀, ẹ̀ṣọ́ mọ ojú wa. Kò pẹ́, ìyàwó alága yẹn gan-an ń dúró de èpìyà wa. Ìyàwó Kàsúmù ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó padà sídìí ààrò.

Hmm… Ọnárébù yẹn ti kúrò nípò. Alága ẹ́sítéètì yẹn ti kó lọ. Ẹ sì rí i fúnra yín, láti ìgbà òjò yìí ni wọ́n ti fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn kékeré náà pa. Ráfíátù, ìwọ lò ń yan ẹja báyìí, ìwọ lò ń wọ kẹ̀kẹ́ kiri. Mo ń rí ojú ẹja ẹ… mi ò kàn sọ̀rọ̀ ni.

O ní Ọnárébù tuntun ń bọ̀ ní Sátidé, ó máa pín ìrẹsì. O ti ń wá aṣọ tó o máa wọ̀. Èmi ò lè débẹ̀ mọ́. Gbé àpótí yìí. Má fọ̀ ọ́, jẹ́ kó rùn. Gbé e síwájú ẹ̀, kó o ní kó jókòó. Tó bá jókòó, ẹ sọ̀rọ̀ ọ̀nà, ẹ má sọ̀rọ̀ mìíràn. Tó bá ní òun ò ní pẹ́, fi ìrẹsì ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Gbé àpótí bàbá àgbà ẹ, kó o máa bọ̀ nílé.

Ọjọ́ ìbò ò jìnnà. Á tún wá. Á bá wa ní ìjókòó.