Èsì Eku Ilé Ìyá Kan

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Ìkọ̀lé lọ sí Ọ̀yẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín ìyá àgbẹ̀ kan láti Odò-Orò àti akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin yunifásítì tó ti wá dẹ pańpẹ́ eku sílé ìyá náà rí, kí wọ́n lè yẹ eku náà wò fún ibà Lásà.

"Ọmọ mi, kí n tó gbin àgbàdo lẹ mú eku méje nínú ulé mi. Mo ti jẹ àgbàdo ọ̀hún tán. Kí lẹ rí?"

"Iṣẹ́ ò tíì parí, mà."

"Uṣẹ́ wo? Ṣebí eku náà ti kú."

"Ọ̀gá wa ló ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi tá a bá tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé."

"Ṣé èmi ni n ó ka ìwé yẹn? Èmi ni mò ń gbá ìgbẹ́ wọn láràárọ̀. Ẹ fún eku ulé mi ní nọ́ńbà, ẹ ò gba nọ́ńbà fóònù mi."

Ọmọbìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Méjì ní àrùn náà, mà. Ẹ̀rù ọ̀gá mi ló ń bà mí."

Ìyá náà ò bú u. Ó pe ilé lórí fóònù pé kí wọ́n da gaàrí tí wọn ò bò nù, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan eku kankan. Ó ní kí dẹ́rẹ́bà dúró, òun fẹ́ padà sílé. Ọmọbìnrin náà gbé báàgì rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé e.