Ọmọ Tí A Ó Máa Lọ Wò

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, tọkọtaya kan wà níwájú mi lórí ìlà nílé ìfìwéránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀. Ìyàwó pọn ọmọ. Ọkọ mú lẹ́tà tó fi gbà láti lọ ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́, ó fẹ́ fi í ránṣẹ́.

"Ìlọ́po méjì owó oṣù tibí ni," ọkọ wí.

"Owó yàrá ńkọ́? Iná tí ẹ ní wọ́n ń rà torí òtútù ńkọ́?"

"Tí ìwọ náà bá ń ṣiṣẹ́, ó máa tó."

"Ta ló máa wá gbé ọmọ?"

Ọkọ rẹ ohùn sílẹ̀. "Òyìnbó kan ní ìgbèríko lè bá wa tọ́ ọ. A ó máa sanwó, a ó sì máa lọ wò ó."

"Lọ wò ó?" Ọwọ́ ìyàwó lọ sẹ́yìn, ó di ìdí ọmọ mú. "Bàbá Dúpẹ́, aláìsàn là ń lọ wò. Ọmọ ẹni, pípọ̀n là ń pọ̀n ọ́n."

Nígbà tó kàn wọ́n, wọ́n yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí n máa lọ síwájú.