Mo Sọ fún Ìyá Ràfíù Pé Kò Sẹ́ni Tó Ń Wá A Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi kí ẹ tó kà á dé ìsàlẹ̀. Ó ti lé ní ọdún méjì tí nǹkan yìí ti wà nínú mi. Ọkọ mi kò mọ̀. Ìyá tó bí mi kò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé obìnrin kan ń bọ̀ láti Ìlọrin lẹ́yìn ọdún Iléyá, tó bá sì dé ibi tó ń lọ, àṣírí mi ti tú nìyẹn.

Ṣakí ni mò ń gbé. Òrí ni mò ń tà, òrí tí à ń fi para, tí àwọn ìyá ń fi pa ọmọ tuntun. Mo ń rà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin abúlé, mo ń yọ́ ọ, mo ń sẹ́ ẹ, mo ń dì í sínú ike. Àbúrò ọkọ mi bá mi ṣe ìkànnì kan sórí ayélujára. Oṣù mẹ́fà kọjá, ẹnì kan ṣoṣo kò tibẹ̀ pè mí. Àfi bíi ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ́ sí àárín oko tí kò lọ́nà.

Ìgbà náà ni wọ́n pe àwa oníṣòwò kéékèèké sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì kan ní Ìsẹ́yìn. Olùkọ́ wa sọ pé irinṣẹ́ kan wà tí ẹni tó bá ní ìkànnì lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Yóò fi hàn ọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan lórí ayélujára tí ìkànnì rẹ fi jáde sí wọn. Yóò sọ iye ìgbà tó jáde, iye ẹni tó wọlé, àti bóyá iwájú lo wà tàbí ẹ̀yìn pátápátá.

Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ọjà títà ló kọ́kọ́ fà mí mọ́ nǹkan yìí. Ìtọpinpin ni. Láti kékeré ni mo ti máa ń fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn. Irinṣẹ́ yìí wá ń fi ìbéèrè àwọn tí mi ò mọ̀ rí hàn mí. "Òrí tí kì í rùn." "Ṣé òrí lè mú kí irun iwájú orí hù padà?" "Òrí fún ọmọ tí omi gbígbóná dà sí lára." Èyí tó kẹ́yìn yìí, mo wò ó títí. Mi ò rí orúkọ, mi ò rí ojú, ìbéèrè yẹn nìkan ni mo rí. Ta ni? Ọmọ ọdún mélòó?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìkànnì náà ṣe. Ohun tí wọ́n bá béèrè, mo máa ń kọ ìdáhùn rẹ̀ síbẹ̀, ní kedere. Mo dín àwọn àwòrán kù kí ojú ewé lè tètè ṣí. Mo kọ orúkọ ìlú tí mo ti ń ra òrí. Díẹ̀díẹ̀, a ń gòkè. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ìyẹn, mo mọ̀.

Lọ́jọ́ kan ni mo rí ọ̀rọ̀ kan tí mi ò kọ rí: "Òrí Ìyá Ràfíù Tẹ̀dé." Lọ́jọ́ kejì, mo tún rí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òun ni wọ́n ń wá jù. Torí pé mo dárúkọ Tẹ̀dé ni ìkànnì mi fi ń jáde sí wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í wọlé. Èmi kọ́ ni wọ́n ń wá.

Ta ni Ìyá Ràfíù? Mi ò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Mo wọ mọ́tò lọ sí Tẹ̀dé.

Ìyá Ràfíù ni mo bá, ìyá arúgbó kan tó jókòó ti ìkòkò òrí. Mo ní mo wá kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ni. Wọn kò fi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ pò ó nínú omi tútù títí yóò fi funfun. Wọ́n ní àgùnbánirọ̀ kan tó gbé ilé àwọn nígbà kan ló polówó òrí àwọn káàkiri. Àwọn èèyàn ń pè láti Àbújá àti Èkó. Lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ, fóònù àwọn sọnù, nọ́ńbà náà sì bá a lọ.

Wọ́n wá wò mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ tí o ń lo fóònù ńlá, ṣé àwọn èèyàn ìgbà yẹn ṣì ń béèrè mi?"

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti rí orúkọ wọn nínú fóònù mi.

Mo ní, "Rárá, Màmá. Mi ò rí ẹnì kankan."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ọlọ́run tóbi." Wọ́n sì ní kí n dúró jẹun kí n tó máa lọ. Mo jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, mo jókòó, mo sì jẹ iṣu wọn.

Mi ò mọ ìdí tí mo fi parọ́ yẹn. Rárá, mo mọ̀ ọ́n. Kí n tó délé ni mo ti ń ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tí mo bá kọ orúkọ wọn sí ìkànnì mi. Mo fẹ́ rí i. Mo ṣí ojú ewé tuntun, mo kọ "Òrí Ìyá Ràfíù Tẹ̀dé" gàdàgbà sókè. Kí oṣù tó parí, èmi ni mo wà lókè pátápátá. Ìpè ń wọlé. "Ṣé òrí Ìyá Ràfíù nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òrí tí mò ń tà fún wọn, ọwọ́ Ìyá Ràfíù kò kàn án rí.

Obìnrin ará Ìlọrin náà wà lára wọn. Ó ní òrí Màmá lòun fi ń pa àpá iná lára ọmọbìnrin òun nígbà tó ṣì kéré. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá Màmá sọ̀rọ̀."

Ǹ bá ti sọ pé wọn kò sí nílé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ohun tó fẹ́ sọ fún wọn. Mo ní kó mú sùúrù. Mo ṣe bí ẹni tó ń gbé fóònù fún wọn, mo wá fi ohùn arúgbó dáhùn. Obìnrin náà sunkún. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà pé ọwọ́ mi kò ní rọ. Mo ń ṣe "Àmín, ọmọ mi, àmín" títí ó fi parí. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti gbádùn.

Lóṣù tó kọjá ló tún pè. Ó ní òun àti ọmọ náà fẹ́ wá kí Màmá ní Tẹ̀dé lójúkojú. Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré lọ síbẹ̀ láti lọ jẹ́wọ́.

Ewúrẹ́ ni mo bá níbi tí wọ́n ti máa ń se òrí. Ìyá Ràfíù ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n ti kó àwọn ìkòkò fún ará ilé. Wọ́n dá mi mọ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ìwọ lo kúkú sọ fún mi pé wọn ò wá mi mọ́. Ó dùn mí o. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé o sọ òótọ́ fún mi. Ẹlòmíràn ì bá fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí."

Mo kí wọn, mo padà sí Ṣakí láìjẹ́wọ́.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n padà lọ bá Màmá kí àlejò tó dé? Ṣé obìnrin náà ni kí n kọ́kọ́ pè? Bí mo bá pa ojú ewé náà rẹ́ ńkọ́, níbo ni àwọn tó ń wá wọn yóò ti rí wọn?

Láàárọ̀ yìí mo ṣí irinṣẹ́ náà. Ẹnì kan ti béèrè pé: "Ṣé Ìyá Ràfíù Tẹ̀dé ṣì wà láyé?" Ìkànnì mi ló kọ́kọ́ jáde sí i. Ó wọlé, mo sì mọ̀ pé òrí tí mò ń tà nìkan ló bá níbẹ̀, kò lè rí ìdáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?